Ojú Ni Ọ̀rọ̀ Wà: Kókó tí Ń Hù ní Ìtí Ọpọlọ Ọmọ

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ojú ni ọ̀rọ̀ wà. Àìsàn tí a fẹ́ yẹ̀ wò lónìí ń fi òtítọ́ òwe yìí hàn, nítorí pé ojú ọmọ ni ó sábà máa ń kọ́kọ́ fara hàn sí. Ọmọ tí ojú rẹ̀ gún régé láti ọjọ́ tí a ti bí i ni ẹyinjú rẹ̀ kan dédé fà sí apá imú. Ó ń rí ènìyàn kan ṣoṣo ní méjì. Ó ń fi ọwọ́ bo ojú kan kí ó tó lè ka ohun tí olùkọ́ kọ sí ara pátákó. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ẹ̀rín rẹ̀ wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan, ọ̀rọ̀ ń lọ́ mọ́ ọn lẹ́nu, omi ń há a lọ́fun, ó sì ń ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́ bí ó bá ń rìn. Nígbà náà ni ilé máa ń dàrú. Ẹnì kan á ní afẹ́fẹ́ burúkú ni ó fẹ́ lù ú. Ẹlòmíràn á ní ọwọ́ ayé ni.

Lára ohun tí ó lè fa irú èyí ni kókó tí ó hù ní ìtí ọpọlọ, èyí tí àwọn dókítà wa ń kọ sínú ìwé ní èdè Faransé pé “tumeur du tronc cérébral”. Kì í ṣe àìsàn tí ó wọ́pọ̀. Ṣùgbọ́n nínú gbogbo kókó tí ń mú ọpọlọ àwọn ọmọdé, nǹkan bí ọ̀kan tàbí méjì nínú mẹ́wàá ni ó ń hù níbẹ̀. Ó yẹ kí a mọ̀ ọ́n, kí àìmọ̀ má baà fi kún ohun tí àìsàn fúnra rẹ̀ yóò bà jẹ́.

Ìtí ọpọlọ ni apá tí ó so ọpọlọ ńlá pọ̀ mọ́ okùn inú ọ̀pá ẹ̀yìn. Kò gùn ju ìka ọwọ́ àgbàlagbà lọ. Síbẹ̀, gbogbo àṣẹ tí ọpọlọ ń pa fún apá àti ẹsẹ̀, ibẹ̀ ni ó ń gbà kọjá. Níbẹ̀ ni a ti ń darí èémí, lílù ọkàn, gbígbé oúnjẹ mì, yíyí ẹyinjú àti àwọn iṣan ojú. Ẹni tí ó bá ti dúró ní Àkàbà Ìdènà ní Kétu yóò mọ ohun tí ẹnubodè jẹ́ fún ìlú olódi: ibi tóóró tí ará ìlú ń gbà wọlé, tí wọ́n ń gbà jáde. Ohun kékeré tí ó bá dí ẹnubodè, gbogbo ìlú ni ó dí lọ́wọ́. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni kókó kékeré ní ìtí ọpọlọ ṣe ń kan ojú, ẹnu, ọ̀fun àti ẹsẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà.

Irú rẹ̀ tí ó le jù ni èyí tí àwọn oníṣègùn ń pè ní “gliome infiltrant du tronc cérébral”. Àwọn ọmọ ọdún 5 sí 10 ni ó ń mú jù. Kì í dá dúró bí èkùrọ́ tí a lè pa kí a sì yọ ọmọ inú rẹ̀. Ṣe ni ó ń pò mọ́ ara ìtí ọpọlọ, bí epo pupa ṣe ń pò mọ́ gaàrí. Kò sí ọ̀bẹ tí ó lè ya méjèèjì. Ìdí nìyí tí oníṣẹ́ abẹ kò fi lè gé e kúrò. Ìtọ́jú tí a mọ̀ pé ó ń ran ọmọ lọ́wọ́ ni ti ìtànṣán, tí a ń pè ní “radiothérapie”: ẹ̀ẹ̀kan lójúmọ́, ọjọ́ 5 lọ́sẹ̀, fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 6. Lẹ́yìn rẹ̀, ara ọ̀pọ̀ ọmọ máa ń fúyẹ́. Wọn a tún máa rìn, wọn a tún máa rẹ́rìn-ín fún oṣù mélòó kan. Lẹ́yìn náà, àìsàn a padà dé. Òtítọ́ korò, ṣùgbọ́n kò yẹ kí a bò ó mọ́lẹ̀: ọ̀pọ̀ àwọn ọmọ wọ̀nyí kì í lò ju nǹkan bí ọdún 1 lọ lẹ́yìn tí a bá ti mọ àìsàn náà, àwọn tí ó sì ń kọjá ọdún 2 kò tó ẹnì kan nínú mẹ́wàá.

Síbẹ̀, kì í ṣe gbogbo kókó ìtí ọpọlọ ni ó rí báyìí, ó sì tọ́ kí òbí mọ ìyàtọ̀ kí ó tó sọ ìrètí nù. Èyí tí ó hù ní òkè ìtí náà, lẹ́yìn, sábà máa ń rọra dàgbà. Ìyọnu rẹ̀ ni pé ó ń dí omi tí ń ṣàn nínú ọpọlọ. Oníṣẹ́ abẹ lè la ọ̀nà mìíràn fún omi náà, kí wọ́n sì máa ṣọ́ kókó náà fún ọ̀pọ̀ ọdún. Òmíràn a yọ sí ìta, tí a lè gé púpọ̀ kúrò nínú rẹ̀. Lára àwọn ọmọ tí ó ní àrùn tí a ń pè ní neurofibromatose, tí àmì aláwọ̀ kọfí máa ń wà káàkiri ara wọn, kókó náà sábà máa ń dúró jẹ́ẹ́. Ní ti àwọn ọ̀dọ́ tí ó ti lé ní ogún ọdún, èyí tí ó pò mọ́ ọpọlọ pàápàá sábà máa ń falẹ̀ ju ti ọmọdé lọ. Nítorí náà, bí dókítà bá dárúkọ àìsàn yìí, ìbéèrè tí ó yẹ kí òbí kọ́kọ́ bi í ni pé: irú èwo ni, apá ibo ni ó sì wà?

Báwo ni a ó ṣe fura? Ojú tí ó fà nìkan kò tó. Ọ̀pọ̀ ọmọ tí ojú wọn fà kò ní kókó kankan. Ohun tí ó gbọ́dọ̀ gbé òbí dìde ni àmì tuntun méjì tàbí mẹ́ta tí ó dé pọ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀, tí ó sì ń burú sí i: ojú tí ó fà àti ẹsẹ̀ tí kò dúró ṣinṣin, ẹnu tí ó wọ́ àti oúnjẹ tí kò lọ, orí fífọ́ àti èébì lówùúrọ̀. Ẹ gbé ọmọ lọ sí ilé ìwòsàn, ẹ sọ ọjọ́ tí ẹ kọ́kọ́ rí àmì kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì béèrè ibi tí a ti lè ya àwòrán IRM. “Scanner” náà wúlò, ṣùgbọ́n IRM ni ó ń fi ìtí ọpọlọ hàn kedere jù. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń wa zémíjàn tàbí tí ẹ ń kọ́ iṣẹ́ ọwọ́, bí ọ̀nà kan bá dédé ń di méjì lójú yín, ẹ má fi ṣe ẹ̀rín, ẹ má sì gun alùpùpù lọ títí dókítà yóò fi yẹ̀ yín wò.

Ohun kan tún wà tí a kò gbọ́dọ̀ ṣe. Ọmọ tí ọ̀fun rẹ̀ kò gbé omi mì dáadáa mọ́, ẹ má ṣe rọ ọ́ ní àgbo tàbí ẹ̀kọ. Ohun tí a bá fi tipátipá rọ ọ́ lè gba ọ̀nà èémí lọ sínú ẹ̀dọ̀fóró.

Ta ni ó wá fà á? Ìbéèrè yìí ni ó ń tú ilé ká. Ní ọdún 1961, ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ọmọbìnrin kékeré kan tí ń jẹ́ Karen ṣubú níbi tí ó ti ń ṣeré. Láìpẹ́, àwọn òbí rẹ̀ rí i pé ojú rẹ̀ kò gún mọ́. Ilé ìwòsàn ni wọ́n ti rí kókó ní ìtí ọpọlọ rẹ̀. Wọ́n fi ìtànṣán tọ́jú rẹ̀. Ara rẹ̀ yá díẹ̀. Àìsàn náà sì padà. Ó kú ní ọjọ́ 28 oṣù kìn-ín-ní ọdún 1962, kò tíì pé ọmọ ọdún 3. Bàbá rẹ̀ ni Neil Armstrong, ẹni àkọ́kọ́ tí ó fi ẹsẹ̀ tẹ òṣùpá ní oṣù keje ọdún 1969. Ìṣubú yẹn kọ́ ni ó fa kókó náà. Òun ni ó kàn mú kí a tẹjú mọ́ ọmọ náà. Kò sí orogún nínú ilé wọn tí ẹnikẹ́ni ìbá nàka sí. Àìsàn tí ó wọ ilé wọn náà ni ó ń wọ ilé kan ní Sábẹ̀ tàbí ní Àjàṣẹ́.

Fún ìgbà pípẹ́, ọ̀pọ̀ oníṣẹ́ abẹ kì í fẹ́ fi abẹ́rẹ́ kan ibẹ̀. Àwọn dókítà ilé ìwòsàn Necker ní Páríìsì wà lára àwọn tí ó fi hàn, nínú ìwádìí tí wọ́n tẹ̀ jáde ní ọdún 2007, pé a lè fi abẹ́rẹ́ tín-ín-rín mú bíńtín níbẹ̀. Àwọn òbí mìíràn ní ilẹ̀ òkèèrè sì yọ̀ǹda pé kí a mú nínú kókó náà lẹ́yìn ikú ọmọ wọn, kí ọmọ ẹlòmíràn lè jàǹfààní. Ní ọdún 2012, àwọn onímọ̀ rí i pé àyípadà kékeré kan nínú jíìnì tí ń ṣe prótéènì histone H3 ni ó wà nínú púpọ̀ jù lọ nínú kókó wọ̀nyí. Inú ọpọlọ ọmọ tí ń dàgbà ni àyípadà náà ti ń ṣẹlẹ̀. Ìyá kọ́ ni ó gbé e fún un, bàbá kọ́. Kì í ràn. Kò sí oúnjẹ aboyún kan tí a mọ̀ pé ó ń fà á. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2025, àjọ tí ń bójú tó oògùn ní Amẹ́ríkà fọwọ́ sí oògùn kan tí ń jẹ́ dordaviprone fún kókó àárín ọpọlọ tí ó ní àyípadà yìí, tí ó sì tún ń dàgbà lẹ́yìn ìtọ́jú. Kì í wo àìsàn náà sàn. Àwọn kan ni ó ń mú kí kókó wọn sún kì. Ṣùgbọ́n ẹ̀bùn àwọn òbí wọ̀nyẹn wà nínú rẹ̀.

A ní òwe kan tí a máa ń pa ní irú àsìkò yìí: bí ikú ilé kò bá pani, ti òde kò lè pani. Òwe náà ní ibi tí ó bá a mu. Kò ní ààyè lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn ọmọ yìí. Ìyá àgbà tí a bá fi ẹ̀sùn kàn nítorí ẹnu ọmọ tí ó wọ́ kò jẹ̀bi ohunkóhun, ilé tí a bá sì tú ká nítorí ẹ̀sùn bẹ́ẹ̀ kò ní í tún un kọ́ lẹ́yìn ìsìnkú.

Ohun tí ó yẹ kí gbogbo ilé mọ̀ ni èyí: bí ìtí ọpọlọ tilẹ̀ ń ṣàìsàn, èrò ọmọ náà sábà máa ń wà ní pípé. Ọ̀rọ̀ lè má jáde lẹ́nu rẹ̀ mọ́, ojú rẹ̀ sì lè wú nítorí oògùn corticoïde, ṣùgbọ́n ó ń gbọ́, ó sì ń yé e. Bí a bá ń jà lórí ẹni tí ó fi í ṣe, ó ń gbọ́. Bí a bá ń ṣépè fún ìyá bàbá rẹ̀ tí ó ń sọ ìtàn fún un, ó ń gbọ́. Nígbà tí òun kò bá lè dáhùn, ẹ wá ọ̀nà mìíràn: kí ó ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀kan fún bẹ́ẹ̀ ni, lẹ́ẹ̀mejì fún bẹ́ẹ̀ kọ́. Ẹ gbé e jókòó bí ó bá fẹ́ jẹun, ẹ fún un ní ohun tí ó ki díẹ̀, ṣíbí kékeré lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ béèrè oògùn ìrora lọ́wọ́ dókítà láìtijú. “Soins palliatifs” ni wọ́n ń pe irú ìtọ́jú bẹ́ẹ̀, kì í sì í ṣe ìkọ̀sílẹ̀. Ẹ jẹ́ kí àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní ilé ẹ̀kọ́ wá kí i, kí wọ́n má sì fi ojú rẹ̀ tí ó wú ṣe yẹ̀yẹ́.

Àìsàn ni à ń wò, a kì í wo ikú. Ìwòsàn lè má sí ní ọwọ́ wa lónìí, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tí ọmọ náà yóò máa gbọ́ nínú ilé rẹ̀ wà ní ọwọ́ wa.