Imú kì í sáré: ẹ yé pe èdè wa ní òtòṣì



Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ẹnì kan fi àwòrán ìwé ìlera kan ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp. Ìwé fún àwọn ìyá ọlọ́mọ ni. Apá kan jẹ́ Faransé, apá kejì ni wọ́n pè ní Yorùbá. Ohun tó wà níbẹ̀ rèé: "Bí imú ọmọ rẹ bá ń sáré, má ṣe jẹ́ kí oògùn rẹ̀ sáré jáde."

Mo kà á fún ìyá mi. Wọ́n ní, "Ta ló ń lé imú ọmọ náà?"

A rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà kò pẹ́ lẹ́nu mi nígbà tí mo rí ohun tí àwọn èèyàn wa fúnra wọn kọ sábẹ́ àwòrán yẹn. Ọ̀kan ní, "Ẹ ò rí i? Yorùbá kò ní ọ̀rọ̀ tó." Òmíràn ní kí a kúkú máa ka Faransé, kó tán síbẹ̀. Èyí ni mo fẹ́ fèsì sí lónìí.

Ẹ jẹ́ ká wo ibi tí àṣìṣe náà ti wá. Ó hàn gbangba pé Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ti tú ìwé yẹn, ọ̀rọ̀ tó sì dá wàhálà sílẹ̀ ni run. Lẹ́tà mẹ́ta péré. Olùkọ́ Gẹ̀ẹ́sì ní collège á ní kí ọmọ kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀: run, courir, sáré. Ó parí. Bẹ́ẹ̀, nínú ìwé atúmọ̀ èdè ńlá ti Oxford, ẹ̀dà kejì tó jáde ní 1989, set ló gbawájú pẹ̀lú ìtumọ̀ bí 430. Nígbà tí wọ́n tún run yẹ̀ wò fún ẹ̀dà tuntun, ìtumọ̀ 645 ni wọ́n kà fún un gẹ́gẹ́ bí ọ̀rọ̀-ìṣe nìkan. Nínú gbogbo 645 yẹn, ẹyọ kan ni ẹni tó kọ ìwé ìlera yìí mọ̀: ti ẹlẹ́sẹ̀ méjì.

Kí ni àwa ń sọ? Ọmọ ń sáré. Olè sá lọ. Odò Ouémé ń ṣàn. Ikun ń dà nímú ọmọ. Ara rẹ̀ ń gbóná. Ẹ̀rọ ń ṣiṣẹ́. Ìyá oníṣọ́ọ̀bù ń bójú tó ọjà rẹ̀. Táksí ń ná Pọ́bẹ̀ sí Kétu. Olóṣèlú ń du ipò. Àwọ̀ aṣọ ń ṣí nínú omi. Mo ṣe kòńgẹ́ ọ̀rẹ́ mi lọ́jà. Oògùn tán. Gbogbo rẹ̀ pátá ni Gẹ̀ẹ́sì lè fi run sọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó máa ń fi ọ̀rọ̀ kékeré bí out, into tàbí away tì í lẹ́yìn nígbà mìíràn. Ibi tí ọ̀kan ti ń ṣiṣẹ́ fún wọn, méjìlá ló wà lọ́wọ́ wa. Ta wá ni òtòṣì níbẹ̀?

Mi ò sọ pé Gẹ̀ẹ́sì tòṣì o. Ó ní flow fún odò, manage fún ṣọ́ọ̀bù, flee fún olè. Ṣùgbọ́n ẹ sọ fún wọn pé ṣọ́ọ̀bù yín ń flow, kí ẹ wo bí wọ́n á ṣe wò yín. Ọ̀rọ̀ tó jọra kò ní kó lè gbapò ara wọn níbi gbogbo.

Ẹnì kan á ní àwa náà ní irú rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni! A ń jẹ iṣu, a ń jẹ gbèsè, a ń jẹ oyè, a ń jẹ ìyà, a ń jẹ èrè, a tún ń jẹ ayé. Jẹ kan ṣoṣo ló ń ṣe gbogbo rẹ̀. Bí Gẹ̀ẹ́sì bá ṣe é, a ní èdè náà jinlẹ̀. Bí Yorùbá bá ṣe é, a ní kò ní ọ̀rọ̀ tó. Kí ló dé?

Ohun tó dùn mí jù rèé. Apá Faransé ìwé náà kò ní àṣìṣe yìí. "Nez qui coule" ni wọ́n kọ, kì í ṣe "nez qui court". Wọ́n wá ẹni tó gbọ́ Faransé láti kà á kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́. Wọn kò wá ẹnikẹ́ni fún tiwa. Àìbọ̀wọ̀ fúnni lèyí, kì í ṣe àìtó ọ̀rọ̀. Ìwé ọ̀rọ̀ Yorùbá tí Crowther ṣe ti jáde láti 1843, ti Abraham jáde ní 1958. Àwọn àgbà tó gbọ́ èdè yìí sì wà ní gbogbo abúlé.

Àwọn bàbá wa tó lọ sílé ìwé láyé àwọn Faransé lè sọ fún yín nípa signal tí wọ́n ń fi kọ́ ọmọ lọ́rùn tó bá sọ èdè ilé rẹ̀. Wọ́n ti bọ́ ọ lọ́rùn tiwọn tipẹ́. Ṣé àwa ló yẹ kó tún gbé e kọ́ ara wa lọ́rùn?

Ẹ̀yin tó ń gba owó láti tú ìwé, ẹ má tú ọ̀rọ̀, ẹ tú ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Ẹ kà á fún ìyá kan lọ́jà kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́. Ìyá tí kò mọ̀ pé oògùn kò gbọdọ̀ tán nílé, ọmọ rẹ̀ ni yóò jìyà àṣìṣe yín. Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ fún ọmọ ní gbólóhùn, ẹ má fún un ní ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo. Ẹ̀yin tó sì ń bú èdè wa, àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́: bí ẹ bá rí àṣìṣe, ẹ tún un ṣe.

Báwo lẹ ṣe ń sọ ọ́ lọ́dọ̀ yín bí ọ̀fìnkìn bá ń da ọmọ láàmú tí omi ń jáde nímú rẹ̀? Ará Kétu, ará Ṣábẹ̀ẹ́, ará Ifẹ̀ ti Tógò, ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀. Ẹ jẹ́ ká ka iye tí a ní.