Ẹ Má Fi Ọwọ́ Yẹpẹrẹ Mú Apátí Ìbọn

Òwe kan wà tí gbogbo ẹ̀yin ònkàwé wa ti gbọ́ rí: Ìbọn ní apátí, kò ní apátí, ta ni yóò jẹ́ kí a kọjú rẹ̀ kọ òun? Àwọn baba wa tí ó pa òwe yìí mọ ìbọn dájú. Wọ́n mọ̀ pé ẹni tí ó bá ń wo ẹnu ìbọn kò ní àyè láti máa béèrè bóyá ohun tí ìka ń fà wà ní ipò rẹ̀ tàbí kò sí. Ó yà wá lẹ́nu, nígbà náà, pé ní Ìlá-Ọ̀ràngún àti ní àwọn ìlú Ìgbómìnà tí ó yí i ká, a ṣì ń rí ọdẹ tí ó gbé ṣakabùlà tí ẹ̀rọ rẹ̀ ti bàjẹ́ kọ́ èjìká, tí ó sì ń gba àárín ọjà kọjá.

Ní ẹ̀ẹ̀rùn kan, àwa fúnra wa jókòó lẹ́bàá ọ̀nà oko nígbà tí ọdẹ kan fi ìbọn rẹ̀ ti ògiri. Ẹnikẹ́ni kò fi ọwọ́ kàn án. Ewúrẹ́ kan ni ó fi ara gbún un. Ìbọn ṣubú, ó sì dún. Páànù orí ilé ni ọta lù, kì í ṣe ènìyàn. Ọdẹ náà búra pé iṣẹ́ àwọn ọ̀tá òun ni. Ṣùgbọ́n nígbà tí a wo ìbọn náà, a rí i pé rọ́bà táyà kẹ̀kẹ́ ni ó fi so òòlù rẹ̀ kí ó má baà já bọ́. Ọ̀tá wo ni ó so rọ́bà náà?

A kò bá ẹnikẹ́ni jà lórí ohun tí ó gbàgbọ́. Ohun tí a ń sọ ni pé, kí ọdẹ tó lọ béèrè ẹni tí ó di ìbọn òun, kí ó kọ́kọ́ gbé e dé ọ̀dọ̀ alágbẹ̀dẹ.

Ìbọn olókùúta kì í ṣe àlejò láàrín wa. Birmingham ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Liège ní ilẹ̀ Bẹ́ljíọ̀mù ni a ti ń kó o wá ní ayé àtijọ́. Àwọn tí ń fọ́ òkúta ní Brandon, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, sì ń fi òkúta ìbọn ránṣẹ́ sí Áfíríkà títí wọ inú ọ̀rúndún ogún. Nígbà tí àwọn ìjọba Yúróòpù ṣe àdéhùn ní Brussels ní 1890, wọ́n dí ọ̀nà ìbọn ìgbàlódé, ṣùgbọ́n wọ́n fi àyè sílẹ̀ fún olókùúta. Àwọn alágbẹ̀dẹ wa sì kọ́ bí a ti ń tún un ṣe, wọ́n sì kọ́ bí a ti ń rọ ọ́.

Ẹ̀rọ rẹ̀ kò pọ̀. Òòlù kékeré kan fi ẹnu di òkúta mú. Sípírìńgì kan ń tì í láti inú. Irin ìṣáná kan dúró níwájú rẹ̀, ó bo àwo ẹ̀tù. Eyín kan sì di òòlù náà mú títí ìka yóò fi fa apátí. Bí ìka bá fà á, eyín a tú òòlù sílẹ̀, òkúta a ṣá irin, iná a ta sínú àwo, a sì gba ihò etí ìbọn lọ bá ẹ̀tù tí a kì sí inú. Bí ìbọn bá kọ̀, ọ̀kan nínú ìwọ̀nyí ni kò ṣe iṣẹ́ rẹ̀.

Kí a tó fi ọwọ́ kan nǹkan, kí a rí i dájú pé ìbọn ṣófo. Kí a ti ọ̀pá ìkìbọn bọ inú rẹ̀, kí a sì fi wọn ẹ̀yìn ìbọn lóde, bóyá ó kan ìsàlẹ̀. Lẹ́yìn èyí, bí iná kò bá ta, kí a wo òkúta: ó lè ti kú lẹ́nu, ó sì lè máa mì nítorí pé a kò fi awọ dì í. Bí òkúta bá mú, tí ó ń ha irin, síbẹ̀ tí iná kò jáde, ojú irin náà ni ó ti rọ̀. Iná àti omi alágbẹ̀dẹ nìkan ni ó lè mú un le padà. Bí ẹ̀tù àwo bá gbiná tí ìbọn kò dún, ihò etí ni ó dí. Ní irú àkókò yìí kí ọdẹ má ṣe sọ ìbọn kalẹ̀ kíákíá. Kí ó kọ ẹnu rẹ̀ sí ibi tí kò sí ènìyàn, kí ó ka ení, èjì, títí dé ọgọ́ta, nítorí iná lè wà lọ́nà.

Bí òòlù bá ń wọ́ rìn, ọ̀pọ̀ ènìyàn a sáré dá sípírìńgì lẹ́bi. Ṣùgbọ́n òjò a máa mú kí igi ìbọn wú, a sì fún ẹ̀rọ mọ́ra. Ọyẹ́ a mú kí igi náà gbẹ, skúrù a sì tú. Kí a yọ ẹ̀rọ kúrò lára igi. Bí ó bá ṣiṣẹ́ dáadáa lọ́wọ́, tí ó sì kọ̀ nígbà tí a dá a padà, igi ni kí a fá, kì í ṣe irin.

Àléébù tí ó burú jù ni ti eyín. Ibi ìdúró méjì ni òòlù ní: èkíní nígbà tí ọdẹ ń rìn, èkejì nígbà tí ó fẹ́ yìn. Bí a bá fa apátí ní ibi ìdúró èkíní tí òòlù sì já bọ́, ikú ni ọdẹ náà gbé kọ́ èjìká. Nígbà mìíràn eyín jẹ nítorí ogbó. Nígbà mìíràn ọdẹ fúnra rẹ̀ ni ó ní apátí le jù, tí ó sì ní kí a fi ayùn ìrin rẹ́ ẹ kí ó lè fúyẹ́. Okùn àti rọ́bà kì í ṣe oògùn èyí. A ní láti tún eyín náà gé, kí a sì mú un le. Kí a fi ìbọn òfìfo dán an wò: kí a fà á, kí a ti òòlù, kí a fi ìdí ìbọn lu ilẹ̀. Bí kò bá já, a lè gbé e jáde.

Bí alágbẹ̀dẹ bá ń lu irin lójú kan, ó ní ohun tí ó fẹ́ fà yọ níbẹ̀. Àwọn tí wọ́n mọ ohun tí a ń fà yọ lára ẹ̀rọ ìbọn ń dàgbà, àwọn ọ̀dọ́ kò sì fẹ́ dúró ti ẹwìrì mọ́, nítorí pé owó tí à ń san kò tó nǹkan. Ọdẹ tí ó ra aṣọ ọdún láì ná ọjà púpọ̀ a máa ná owó eyín ìbọn láti òwúrọ̀ di ọ̀sán. Kí àwọn alágbẹ̀dẹ pẹ̀lú kọ̀ láti lẹ ohun tí ó yẹ kí wọ́n rọ.

Òfin ohun ìjà ti 1959 ti sọ pé kí ẹni tí ó ní ṣakabùlà gba ìwé àṣẹ. Ó dára, ṣùgbọ́n ìwé kò wo eyín. Àbá wa ni pé kí Olúọdẹ ìlú kọ̀ọ̀kan pe gbogbo ìbọn jọ lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún, nígbà tí òjò bá bẹ̀rẹ̀ àti kí ìgbẹ́ ẹ̀ẹ̀rùn tó dé, kí alágbẹ̀dẹ tí ó mọṣẹ́ sì yẹ̀ wọ́n wò. Kí èyí tí kò yege wà lórí àjà títí a ó fi tún un ṣe. Kí a ṣe bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú kí a tó yìnbọn níbi ọdún tàbí òkú ọdẹ, nítorí ibẹ̀ ni àwọn ọmọdé ń pọ̀ sí. Kí ẹ̀yin oníṣòwò tí ẹ ń san owó ọdẹ òru sì béèrè ìgbà tí a yẹ ìbọn rẹ̀ wò.

Ẹnìkan lè wí pé akọ̀wé ni wá, kí ni a mọ̀ nípa ìbọn? Òtítọ́ ni. Ṣùgbọ́n ọta kì í béèrè iṣẹ́ ènìyàn kí ó tó wọlé sí i lára.

Ìtàn sọ pé àdá Ogbo ni ó la ọ̀nà fún Ọ̀ràngún láti Ilé-Ifẹ̀, láti ibẹ̀ ni orúkọ Ìgbómìnà ti wá: Ogbo mọ̀nà. Irin tí ó mọ̀nà ni ó kó wa dé ibí. Kí a má ṣe jẹ́ kí irin tí kò mọ̀nà máa rìn láàrín àwọn ọmọ wa.