Ewé Tí Kò Pé

Oògùn tí kò jẹ́, ewé rẹ̀ ni kò pé. Nígbà tí àgbo bá kùnà ni a sábà máa ń pa òwe yìí, bí ẹni ń tu aláìsàn nínú. Mo rò pé iṣẹ́ inú rẹ̀ ju ìtùnú lọ. Oníṣègùn ló ń bá wí: kó tó sọ pé ọmọ aráyé lọ́wọ́ nínú àìsàn náà, kó padà lọ ka ewé. Ohun tó kù lè kéré débi tí ojú kò rí i, kó sì sọ gbogbo ìyókù di asán.

Ní Atakpamé ní Tógò àti àwọn òkè tó gba ibẹ̀ lọ sí Amlamé àti Badou, mo mọ ewé kan tó ń kù. Áyódínì ni. Àwọn Ifẹ̀ ilẹ̀ náà, tí àwọn mìíràn ń pè ní Ana, ń dá oko iṣu, àgbàdo àti ẹ̀gẹ́ lórí ilẹ̀ tí òjò ti ń fọ̀ láti ayébáyé. Òjò a gbé áyódínì kúrò lára òkè lọ sínú odò, odò a gbé e lọ sókun. Ohun tí ilẹ̀ kò ní, kò lè fún iṣu. Iṣu kò sì lè fún ẹni tó gún un níyán. Òkun tó gbà á náà jìnnà, torí Atakpamé sí Lomé etí òkun tó nǹkan bí 160 kìlómítà. Ìdí nìyí tí gẹ̀gẹ̀ kò fi jẹ́ ohun àjèjì ní ilẹ̀ olókè. Ẹ̀gẹ́ tí a kò rẹ dáadáa tún ń dá kún un: oró inú rẹ̀ kì í jẹ́ kí ara lo ìwọ̀nba áyódínì tó rí.

Ojú ń rí gẹ̀gẹ̀. Èyí tí ojú kì í rí ló ń dùn mí jù. Ẹṣẹ́ iwájú ọrùn tí wọ́n ń pè ní thyroid ló ń lo áyódínì láti ṣe èròjà tí ọpọlọ ọmọ inú fi ń dàgbà. Bí ìyá kò bá rí i tó nígbà oyún, ọpọlọ ọmọ lè ti fara gbọgbẹ́ kí wọ́n tó bí i. Tó bá dé ilé ìwé, a óò máa pè é ní olódo. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, bí a bá pín gíráàmù áyódínì kan sí ọ̀nà 4,000, ìdá kan péré ló tó aláboyún lójúmọ́.

Inú iyọ̀ ni wọ́n ti ń wá àtúnṣe sí àìtó áyódínì. Siwítísáláńdì ti ń fi áyódínì sí iyọ̀ láti 1922, Amẹ́ríkà láti 1924. Ọ̀pọ̀ nínú wa gbà pé iyọ̀ etí òkun ti ní in tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n díẹ̀ kíún ló ń ṣẹ́ kù síbẹ̀ nígbà tí oòrùn bá fa omi òkun gbẹ. Èyí tí ilé iṣẹ́ fi sí i pàápàá ń dínkù bí àpò bá ṣí sílẹ̀ nínú oòrùn àti ọ̀rinrin. Ẹ̀yin ìyá oníyọ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bo iyọ̀ yín.

Àgbàlagbà náà wà nínú ọ̀rọ̀ yìí. Bí thyroid kò bá ṣiṣẹ́ dáadáa mọ́, ènìyàn a máa gbàgbé, a máa lọ́ra, òtútù a máa mú un, títí a ó fi rò pé ọpọlọ rẹ̀ ti ń bàjẹ́ lọ bíi ti àrùn Alzheimer. Oògùn oníhóró wà fún un.

Ṣùgbọ́n kí ewé pé yàtọ̀ sí kó pọ̀. Oníṣègùn tó mọṣẹ́ mọ iye tí yóò já, torí ewé tó lé lè di májèlé. Ní 1837, dókítà kan tó ń jẹ́ Couper kọ̀wé nípa àwọn òṣìṣẹ́ kan ní Glasgow tó ń lọ máńgánísì, èròjà ilẹ̀ tí ara ń lò díẹ̀ kíún: ẹsẹ̀ wọn kò gbé wọn mọ́, ohùn wọn sì relẹ̀. Ó jọ àìsàn tí James Parkinson ti ṣàpèjúwe ní 1817. Máńgánísì wà nílẹ̀ Tógò náà, ní Nayéga lápá àríwá, eruku rẹ̀ kò sì yẹ kó wọ imú ẹnikẹ́ni.

Ní ti irin, ó máa ń pọ̀ jù ní apá kan ọpọlọ àwọn tó ní àìsàn Parkinson yìí. Ṣé òun ló fa àìsàn náà, àbí àìsàn ló kó o jọ? Àwọn onímọ̀ ṣì ń jiyàn lé e lórí. Ní 2022, àbọ̀ ìwádìí kan jáde lórí 372 aláìsàn ní Yúróòpù. Wọ́n fún àwọn kan ní deferiprone, oògùn tó ń fa irin kúrò lára. Ipò àwọn tó lò ó burú ju ti àwọn tí kò lò ó lọ. Ohun tí àwọn kan rò pé yóò ṣe oore ló ṣe ibi. Ẹ rántí èyí nígbà tí ẹni tó ń kiri oògùn nínú mọ́tò bá ní hóró kan ṣoṣo ló ń wo ìgbàgbé àti ọwọ́ gbígbọ̀n sàn.

Bí bàbá bá wá ń ṣi orúkọ àwọn ọmọ rẹ̀ pè, tí ọ̀nà oko tó ti ń rìn láti kékeré rú u lójú, ẹ má wá àjẹ́ sáàárín àwọn ìyàwó ilé. Ẹ gbé e lọ sí ọsibítù. Ẹ ní kí dókítà yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò fún thyroid àti fún fítámì B12, ewé mìíràn tó lè kù. Bí wọ́n bá ní Lomé ni wọn yóò ti yẹ ẹ́ wò, ẹ wọkọ̀ lọ, kó tó pẹ́ jù.