Ta Ló Di Kọ́kọ́rọ́ Sáfà Tí Ẹ Fẹ́ Rà Mú?

Ẹgbẹ́ òbí àti olùkọ́ ilé ẹ̀kọ́ wa ti fẹnu kò pé àwọn yóò ra sáfà tòkunbọ̀ kan fún yàrá kọ̀ǹpútà wa, ìyẹn kọ̀ǹpútà alágbára tí àwọn yòókù yóò máa gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Mo fara mọ́ ọn. Irú èyí tí wọ́n fẹ́ rà ni n kò fara mọ́, mo sì fẹ́ kí wọ́n gbọ́ tèmi kí owó tó kúrò lọ́wọ́.

Àǹfààní sáfà kò ṣòro láti rí. Ẹ̀rọ kan ṣoṣo tó ní mẹ́mórì tó pọ̀ lè gba ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà sínú, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan yóò máa ṣe bí ẹni pé òun nìkan ló wà. Virtual machine ni wọ́n ń pè é. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá ba tirẹ̀ jẹ́ níbi tó ti ń kọ́ṣẹ́, a ó pa á rẹ́, a ó dá òmíràn, ti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kò ní mì. KVM tó ń ṣe iṣẹ́ yìí ti wà nínú Linux láti ọdún 2007, ọ̀fẹ́ sì ni. Kọ̀ǹpútà ògbólógbòó yòówù, kódà èyí tí àwọn òbí wa ti pa tì sílé, tó láti fi dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Mẹ́rin mẹ́rin là ń jókòó sídìí kọ̀ǹpútà kan báyìí, ẹni tó bá sì gbóyà jù ló máa ń di mouse mú.

Ṣùgbọ́n èyí tó wọ̀ wọ́n lójú ni ọ̀kan nínú àwọn sáfà pẹlẹbẹ tí àwọn ilé iṣẹ́ ńlá lókè òkun ti lò tán, irú èyí tí ẹ ó bá ní Ọ̀tígbà, n'Íkẹjà. Ọpọlọ méjì, mẹ́mórì rẹpẹtẹ, owó táṣẹ́rẹ́. Àwọn tó ń tà á kì í sọ pé ariwo fáànù rẹ̀ dà bí ti ẹ̀rọ ìlọta, tàbí pé ó lè jẹ iná tó ju 100 wáàtì lọ nígbà tí kò ṣe nǹkan kan. Ta ni yóò máa ra epo sí jẹnẹrétọ̀? Ẹ jẹ́ kí n fi ìyẹn sílẹ̀ ná. A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá.

Firmware ni ẹ̀tẹ̀ ibẹ̀. Òun ni ètò tí ilé iṣẹ́ tó ṣe ẹ̀rọ kọ sínú ṣíìpù kékeré kan, tó máa ń jí kí Windows tàbí Linux tó jí, tí agbára rẹ̀ sì ju ti àwọn méjèèjì lọ. Bí ènìyàn bá ra ilé, tí onílé àná ṣì di kọ́kọ́rọ́ mú, ṣé ó ti ra ilé? Lọ́dún 2014, HP kéde pé ẹni tí sáfà ProLiant rẹ̀ kò bá ní wáráńtì tàbí àdéhùn ìtọ́jú kò ní máa rí àtúnṣe BIOS gbà lọ́fẹ̀ẹ́ mọ́. Ta ni irú òfin bẹ́ẹ̀ yóò bá, bí kò ṣe ẹni tó ra tòkunbọ̀?

Olùkọ́ wa kan ní, "Àwa kì í ṣe báńkì, kí ni wọ́n fẹ́ wá jí níbí?" Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ gbọ́ èyí. Nínú ọ̀pọ̀ sáfà HP ni ohun kan wà tó ń jẹ́ iLO 4, tí alábòójútó fi lè darí ẹ̀rọ láti ibi tó jìnnà, kódà nígbà tí wọ́n bá ti pa á. Lọ́dún 2017 ni àwọn olùṣèwádìí rí i pé ẹni tó bá to lẹ́tà A 29 tẹ̀ léra, tó fi wọ́n ránṣẹ́ síbi tó yẹ, yóò wọlé láìní ọ̀rọ̀ ìgbaniwọlé kankan. A, A, A, títí dé 29! Ilé iṣẹ́ náà ṣe àtúnṣe rẹ̀. Ṣùgbọ́n sáfà tó ti wà nílẹ̀ nínú ilé ìkẹ́rùsí kó tó wọ ọkọ̀ ojú omi wá sí Èkó, ta ló bá wa fi àtúnṣe náà sí i? Inú rẹ̀ ni wọ́n fẹ́ máa kó máàkì ìdánwò wa sí o.

Èyí tí mo ní kí wọ́n rà kò jọni lójú. Dell Precision T1650 ni, ẹ̀rọ ọdún 2012, tó rí bíi kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì lásán. Ó ń gba mẹ́mórì tó máa ń tún àṣìṣe ara rẹ̀ ṣe, títí dé 32 gígábáìtì. Ẹ fún akẹ́kọ̀ọ́ 12 ní 2 gígábáìtì lọ́kọ̀ọ̀kan, 8 yóò ṣẹ́kù fún ẹ̀rọ fúnra rẹ̀. Ó ṣeé ṣe láti yọ firmware Dell kúrò lórí rẹ̀, kí a fi Libreboot rọ́pò. Orí coreboot ni wọ́n kọ́ Libreboot lé, iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ ní Los Alamos ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1999 pẹ̀lú orúkọ LinuxBIOS. Gbangba ni wọ́n kọ ọ̀pọ̀ jù lọ rẹ̀ sí, ẹni tó bá fẹ́ lè kà á. Mo ti ń kà á díẹ̀díẹ̀.

Kì í ṣe pé kò lábùkù. Intel Management Engine ṣì ń gbé inú rẹ̀. A lè gé e kúrú, a kò lè fà á tu tán. Bí àwa méjìlá bá gbé iṣẹ́ wúwo lé e lẹ́ẹ̀kan náà, yóò máa wọ́. Bọ́ọ̀dù ASUS KGPE-D16 sàn jù ú lọ, ṣùgbọ́n ẹni tó bá rí ìyẹn lọ́jà níbí, kó yára wá sọ fún mi. Ẹ̀rọ tó ń wọ́ tí a mọ inú rẹ̀ ni mo fẹ́, kì í ṣe èyí tó ń sáré lábẹ́ àṣẹ ẹlòmíràn.

Nítorí náà, kí ẹni tí wọ́n bá rán sí Ọ̀tígbà ní kí wọ́n tú ẹ̀rọ náà níṣojú rẹ̀. Kó ka orúkọ tó wà lára bọ́ọ̀dù. Kó tàn án, kó wọ inú BIOS, kó rí i pé wọn kò fi ọ̀rọ̀ ìgbaniwọlé tì í. Bí ọlọ́jà bá ní kò sáyè fún ìyẹn, kó gbé owó wa padà wálé.