Bí Iyè Òbí Bá Ń Ra

Ẹ̀yin ènìyàn wa, ọ̀ràn kan ń ba ọ̀pọ̀ ilé jẹ́ láàárín wa: ohun tí àwọn ọmọ ń ṣe nígbà tí iyè òbí wọn bá bẹ̀rẹ̀ sí í ra.

Ìyá tí ó mọ oríkì gbogbo agboolé kò rántí orúkọ àkọ́bí rẹ̀ mọ́. Bàbá oníwà pẹ̀lẹ́ ń fi ẹ̀sùn olè kan ìyàwó ọmọ rẹ̀. Ẹ gbọ́ bí a ṣe ń sọ ọ́: "Ó ń ṣarán." Bí ó bá jẹ́ obìnrin tí ó ń dá sọ̀rọ̀, a ní ó ń kà bọ̀rọ̀bọ̀rọ̀. Ìmọ̀ èdè ti kọ́ mi pé orúkọ tí a bá pe ọ̀ràn ni í sọ bí a ó ṣe hùwà sí i. Ẹni tí a ní ó ń ṣarán, a ó pa á tì sínú yàrá. Ẹni tí a ní ó ń kà, a ó lé e jáde, tàbí kí a nà án. Nínú méjèèjì, kò sí èyí tí ó mú un dé ọ̀dọ̀ oníṣègùn.

Bí wọ́n bá gbé irú òbí bẹ́ẹ̀ wá bá mi, kí n tó mú ọ̀pẹ̀lẹ̀, ohun tí mo máa ń kọ́kọ́ bi àwọn ọmọ ni pé: ìgbà wo ni ó bẹ̀rẹ̀?

Bí ó bá jẹ́ láàárín wákàtí tàbí ọjọ́ díẹ̀, ẹ má ṣe fi falẹ̀ rárá. Ibà, àrùn inú ìtọ̀, àrùn ẹ̀dọ̀fóró, àìmu omi tó, ṣúgà ẹ̀jẹ̀ tí ó lọ sílẹ̀, oògùn tí kò bá ara mu, rọpárọsẹ̀: ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn lè da ọpọlọ àgbà rú. Ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn kan, ìyá mi bẹ̀rẹ̀ sí í fi orúkọ àbúrò rẹ̀ tí ó ti kú pè mí. Ní ọjọ́ kejì, ó ń di ẹrù pé òun ń lọ sí ilé bàbá òun. Ara rẹ̀ kò gbóná. Mo gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ní alẹ́ ọjọ́ náà. Àrùn inú ìtọ̀ ni wọ́n bá níbẹ̀. Kí ọ̀sẹ̀ kan tó pé, ó ti ń bá mi wí bí ti àtẹ̀yìnwá.

Bí ó bá jẹ́ pé oṣù àti ọdún ni ó fi ń yọ́ wọlé, ó lè jẹ́ àrùn ọpọlọ tí ń jẹ iyè. Àwọn kan ní àrùn òyìnbó ni. Ní ọdún 1992 ni àwọn onímọ̀ Yunifásítì Ìbàdàn àti ti Indiana ní Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí í yẹ àwọn àgbà tí wọ́n ti tó ọmọ ọdún 65 wò ní Ìdíkàn, Ìbàdàn. Èsì wọn ní 2001 fi hàn pé ìwọ̀n àwọn tí àrùn náà ń mú lọ́dọọdún níbẹ̀ kò tó ìdajì ti àwọn adúláwọ̀ Indianapolis. Síbẹ̀, ó wà láàárín wa. Nítorí náà, kì í ṣe gbogbo àgbà ni yóò ṣarán. Ẹni tí ó bá sì mú, aláìsàn ni. Kò tíì sí oògùn tí ń wò ó sàn, ṣùgbọ́n ìtọ́jú wà. Ẹ jẹ́ kí dókítà yẹ ojú, etí àti gbogbo oògùn tí ó ń lò wò. Ẹ má bá a jiyàn. Ẹ má sì di gbogbo ẹrù náà ru ọmọbìnrin kan ṣoṣo.

Ẹ̀yin awo ẹlẹgbẹ́ mi, ọ̀dọ̀ wa ni ọ̀rọ̀ kù sí. A ń júbà Ìyàmi ní òwúrọ̀. Kò yẹ kí a fi orúkọ àjẹ́ lé arúgbó jáde ní ìrọ̀lẹ́. Abala 210 nínú Criminal Code ilẹ̀ Nàìjíríà ka irú ẹ̀sùn bẹ́ẹ̀ sí ẹ̀ṣẹ̀. Ẹbọ kò dí ọ̀nà ilé ìwòsàn. Ẹnu àwọn àgbà yìí ni a ti gba ẹsẹ Ifá àti oríkì tí a ń gbéraga lé lórí. Bí òkété bá dàgbà, ọmú ọmọ rẹ̀ ní í mu. Kí a tó béèrè ẹni tí ó ṣe é, ẹ jẹ́ kí a béèrè ìgbà tí ó bẹ̀rẹ̀, kí a sì gbéra.

Àbọrú, àbọyè.