Kí oníṣòwò tó pa àtẹ̀jíṣẹ́ àìbẹ̀ rẹ́

Ohun tí ọ̀pọ̀ oníṣòwò máa ń ṣe tí wọ́n bá rí àtẹ̀jíṣẹ́ tí wọn kò bẹ ẹnikẹ́ni níṣẹ́ rẹ̀ ni pé kí wọ́n fìbínú pa á rẹ́. Lóòótọ́, kò sẹ́ni tínú rẹ̀ máa dùn tí fóònù bá dún láàárín ọjà, tó sáré gbé e, tó sì jẹ́ pé tẹ́tẹ́ ni wọ́n ní kó wá ta. Ṣùgbọ́n ìkánjú yẹn ń pa àwọn oníṣòwò kéékèèké lára ju bí wọ́n ṣe rò lọ.

Nínú ímeèlì, àpótí kan wà tí wọ́n ń pè ní Spam, ibẹ̀ ni wọ́n ń da lẹ́tà tó bá mú ìfura wá sí. Kì í ṣe èèyàn ló ń ṣà wọ́n, ẹ̀rọ ni, ẹ̀rọ sì máa ń ṣì í. Oníbàárà tuntun tó fẹ́ rán aṣọ ẹbí, tó kọ̀wé láti òkèèrè, lẹ́tà rẹ̀ lè bọ́ sáàárín ti àwọn gbájú-ẹ̀. Tí nǹkan bá sì ti lo 30 ọjọ́ nínú Spam, Gmail yóò pa á rẹ́ fúnra rẹ̀. Aránṣọ tí kò bá yẹ ibẹ̀ wò, iṣẹ́ ti lọ nìyẹn, oníbàárà yóò sì máa rò pé ìgbéraga ni kò jẹ́ kó fèsì. Ìṣẹ́jú márùn-ún lọ́sẹ̀ ti tó láti ṣà á.

Àwọn tó kù ńkọ́? Ọ̀pọ̀ ló máa ní kí wọ́n kó o dànù, ṣùgbọ́n ó yẹ kí ẹni tó ní ọmọ iṣẹ́ tọ́jú díẹ̀ nínú rẹ̀, pàápàá ti àwọn tó ń pe ara wọn ní báǹkì. Láti ìgbà tí Báǹkì Àpapọ̀ ti gbé BVN jáde lọ́dún 2014, àìmọye àtẹ̀jíṣẹ́ ló ti jáde pé wọ́n ti ti káàdì ATM oníbàárà pa, kó tètè pe nọ́ńbà kan. Bí èèyàn bá kó mẹ́wàá jọ, yóò rí i pé ọmọ ìyá kan náà ni gbogbo wọn: ìhàlẹ̀, ìkánjú, nọ́ńbà fóònù lásán. Ọmọ iṣẹ́ tó bá fojú ara rẹ̀ rí mẹ́wàá yẹn, ìkọkànlá kò ní tètè rí i mú.

Ti ayédèrú aléètì ló burú jù. Oníbàárà ra àpò ìrẹsì mẹ́ta, ó ní òun ti fowó ránṣẹ́, àtẹ̀jíṣẹ́ sì wọlé lóòótọ́, pẹ̀lú orúkọ báǹkì lórí ẹ̀. Orúkọ yẹn kì í ṣe ẹ̀rí, nítorí àwọn kan mọ bí wọ́n ṣe ń forúkọ olórúkọ ránṣẹ́. Iye tó wà nínú àkáǹtì ni kí ọlọ́jà wò kí ẹrù tó kúrò ní ṣọ́ọ̀bù. Tó bá sì ti kó sí páńpẹ́, kó má ṣe tìtorí ìtìjú pa á rẹ́. Kó ya fọ́tò rẹ̀, kó kọ ọjọ́ àti aago sílẹ̀, kó gbé e lọ sí báǹkì àti àgọ́ ọlọ́pàá. Òfin ìwà ọ̀daràn orí íntánẹ́ẹ̀tì ọdún 2015 ti ní ìjìyà nílẹ̀ fáwọn oníjìbìtì wọ̀nyí, ṣùgbọ́n kí ni ọlọ́pàá fẹ́ fi mú ẹni tí kò sí ẹ̀rí kankan nípa rẹ̀?

Ní ti ìpolówó lásán, àjọ NCC ti la ọ̀nà sílẹ̀ láti ọdún 2016: kí ẹni tí kò fẹ́ kọ STOP ránṣẹ́ sí 2442. Ìyàlẹ́nu ibẹ̀ ni pé àwọn oníṣòwò kan tó ń kígbe lórí ọ̀rọ̀ yìí ló tún ń ra ẹgbẹẹgbẹ̀rún nọ́ńbà èèyàn láti fi polówó ọjà tiwọn. Òfin tó ń dáàbò bo ìsọfúnni aráàlú, tí wọ́n ṣe lọ́dún 2023, kò fàyè gba kí wọ́n kàn máa lo nọ́ńbà ẹni ẹlẹ́ni bó ṣe wù wọ́n. Àwọn tó ti rajà lọ́wọ́ wọn rí, tí wọ́n sì gbà kí wọ́n máa kọ̀wé sáwọn, lè má ju 50 lọ, ṣùgbọ́n àwọn yẹn ló ń kà á.