Ẹ Wo Ọmọ Tí Ọlọ́hun Fún Yín, Ẹ Fi Ti Alájọgbé Sílẹ̀

 

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ àti òbí Mùsùlùmí, ọ̀rọ̀ ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rìn ni mo fẹ́ bá yín sọ lọ́sẹ̀ yìí. Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ nínú yín kò tíì ṣègbéyàwó. Ẹ má sá lọ. Ẹni tí kò tíì bímọ náà ní ọmọ ẹ̀gbọ́n nílé, òun náà sì wà lára àwọn tó máa ń sọ pé, "Ọmọ yìí ti bàjẹ́ jù."

Ní Ire-Àkárí níbí àti káàkiri Ìsọlọ̀, ìbéèrè mẹ́ta ni wọ́n fi ń kí ẹni tó bá gbé ọmọ lọ́wọ́. Ṣé ó ti ń rìn? Eyín mélòó ló ti hù? Ṣé ó ti ń sọ̀rọ̀? Ìfẹ́ ló wà nídìí rẹ̀, n kò jiyàn. Ṣùgbọ́n tí ìdáhùn bá ti jẹ́ "rárá", ojú a yí padà. Wọn a ní, "Ọmọ òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì lọ́hùn-ún, oṣù mẹ́sàn-án ló fi rìn o." Ìyá ọmọ a wọlé, ọkàn rẹ̀ kò ní balẹ̀ mọ́. Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó ṣú, wọ́n ti júwe òróró tí yóò fi máa ra orúnkún ọmọ, wọ́n sì ti ní kó lọ ra kẹ̀kẹ́ oníke tí wọ́n ń ti ọmọ bọ̀ kó lè tètè rìn. Ọmọ tó bá wà nínú kẹ̀kẹ́ yẹn kì í tètè rìn ju ẹlòmíràn lọ, ó sì lè gbé e ṣubú lórí àtẹ̀gùn. Orílẹ̀-èdè Kánádà ti fòfin de títà rẹ̀ láti ọdún 2004.

Èrò tèmi ni pé ìdíje yìí ń dí wa lójú. A kò rí ọmọ tó wà níwájú wa mọ́, ọmọ ẹlòmíràn la ń wò.

Àjọ Ìlera Àgbáyé, WHO, gbé èsì ìwádìí kan jáde lọ́dún 2006. Orílẹ̀-èdè márùn-ún ni wọ́n ti tọ àwọn ọmọ lẹ́yìn láti ìkókó títí wọ́n fi rìn: Gáńà, Íńdíà, Norway, Oman àti Amẹ́ríkà. Accra ni wọ́n lò ní Gáńà, kò sì jìnnà sí wa. Ọmọ tí ara wọn le, tí ìyá wọn ń fún lọ́mú, ni wọ́n yàn. Wọ́n rí i pé ọmọ tí kò ní àìsàn kankan lè bẹ̀rẹ̀ sí í dá rìn láti nǹkan bí oṣù 8 títí dé oṣù 17 ààbọ̀. Ìjókòó láìfaratì, láti nǹkan bí oṣù 4 sí oṣù 9. Èyí tó yà mí lẹ́nu jù ni pé nínú ọmọ 100, ó tó mẹ́rin tí kò rákò lórí ọwọ́ àti orúnkún rárá, tí wọ́n sì rìn nígbà tó yá. Nítorí náà, ọmọ tó rìn ní oṣù 9 àti èyí tó rìn ní oṣù 16, ara àwọn méjèèjì le. Kò sí èyí tó gba ipò kìíní.

Nínú ilé tèmi, ọmọ méjì la ní. Ọkùnrin ni àkọ́bí, ó ti ń sáré kí ó tó pé ọdún kan. Àbúrò rẹ̀ obìnrin kò rákò rí. Ìdí ló fi ń wọ́ kiri pálọ̀, bí ẹni tó ń wa ọkọ̀ ojú omi, ọwọ́ kan nílẹ̀, ọwọ́ kejì mú ohun tó bá fẹ́ gbé lọ. Oṣù 15 ló tó dìde rìn. Iṣẹ́ alẹ́ ni mò ń ṣe, nítorí náà èmi ni mo máa ń wà pẹ̀lú rẹ̀ láàárọ̀ nígbà tí ìyá rẹ̀ bá ti lọ síbi iṣẹ́. Ọ̀pọ̀ bàbá ní àdúgbò wa kò ní irú àyè yẹn. Wọ́n ti dé ibùdókọ̀ Cele kí ìmọ́lẹ̀ Àsùbáà tó là dáadáa, wọ́n á sì padà dé lẹ́yìn Ìṣáì, nígbà tí ọmọ ti sùn. Mo mọ̀ pé oúnjẹ ni wọ́n ń wá. Síbẹ̀, bàbá tí kò mọ̀ ju orúkọ ọmọ àti owó ilé ìwé rẹ̀ lọ, àjèjì ni nínú ilé ara rẹ̀.

Nínú Súúrà An-Nahl, ẹsẹ 78, Ọlọ́hun rán wa létí pé Òun ló mú wa jáde láti inú ìyá wa nígbà tí a kò mọ nǹkan kan, Ó sì fún wa ní ìgbọ́ràn, ìríran àti ọkàn, kí á lè dúpẹ́. Ìgbọ́ràn ló ṣáájú nínú ohun tí Ó dárúkọ. Àwọn oníṣègùn náà sọ pé ọmọ ti ń gbọ́ ohùn kí wọ́n tó bí i, àti pé ìkókó mọ ohùn ìyá rẹ̀ yàtọ̀ sí ti ẹlòmíràn. Mo rí ìtumọ̀ èyí lára ọmọ wa. Ní oṣù 13, kò tíì lè pe orúkọ ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n bí mo bá ní, "Lọ gbé bàtà bàbá wá," á lọ gbé e, bàtà tèmi gan-an, kì í ṣe ti ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Bí wọ́n bá pe ìrun láti mọ́sálásí ìsàlẹ̀ àdúgbò, á gbé ọwọ́ sí etí. Bí mo bá forí kanlẹ̀, á forí kanlẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ mi, á sì yọjú wò mí lábẹ́ apá bóyá mo ti dìde. Àwọn tó ń sọ pé "kò gbọ́ nǹkan kan" nítorí pé kò sọ̀rọ̀, ẹnu rẹ̀ nìkan ni wọ́n ń wò.

Ìwà rẹ̀ ńkọ́? Ibí yìí gan-an lọ̀rọ̀ wà. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ọmọ gbogbo ayé ni. Tí ìyá rẹ̀ bá gbé e lọ sọ́jà Aswani lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, apá àwọn aláṣọ ló máa ń wà láti ìsọ̀ dé ìsọ̀. Àbúrò kò rí bẹ́ẹ̀. Tí a bá dé ibi ìsọmọlórúkọ tàbí ibi yìgì, ẹ̀yìn ẹsẹ̀ mi ló máa ń dúró sí. Á máa wo àwọn èèyàn lọ́kọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú, ẹ óò rí i tí yóò gbé mọ́ínmọ́ín ọwọ́ rẹ̀ lọ fún ìyá àgbà kan tí kò rí rí. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá fi ipá gbà á lọ́wọ́ mi nígbà tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, igbe ni títí a ó fi padà sílé. Ẹnì kan ní agbéraga ni. Ẹlòmíràn ní kí n lọ bi Áfáà kan wò lórí ọ̀rọ̀ rẹ̀. Kí n lọ bi í ní kí ni? Pé ọmọ kò bá àjèjì lọ?

Láti ọdún 1956 ni dókítà méjì ní New York, Alexander Thomas àti Stella Chess, ti bẹ̀rẹ̀ sí í tọ àwọn ọmọ lẹ́yìn láti ìkókó, láti mọ ìwà tí ọmọ ń gbé wáyé. Wọ́n ní nínú ọmọ 100, nǹkan bí 40 ni ara wọn tètè máa ń balẹ̀ sí ohun tuntun. Nǹkan bí 15 máa ń fà sẹ́yìn ná, wọn a wo ibẹ̀ dáadáa kí wọ́n tó wọ̀ ọ́. Nǹkan bí 10 ni inú máa ń bí kíákíá, tí oorun àti oúnjẹ wọn kì í ní àkókò. Àwọn tó kù, àdàlù ni. Ohun tí wọ́n tẹnu mọ́ ni pé kò sí èyí tó burú nínú gbogbo rẹ̀, bí òbí bá mọ irú èyí tó wà lọ́wọ́ òun, tó sì ń bá a lò bẹ́ẹ̀. Àwọn baba ńlá wa náà ń wo ọmọ kí wọ́n tó sọ ọ́ lórúkọ: èyí tó fi ẹsẹ̀ wáyé ni Ìgè, èyí tí ìwọ́ rọ̀ mọ́ lọ́rùn ni Òjó tàbí Àìná. N kò ní kí ẹ gba ìgbàgbọ́ tó rọ̀ mọ́ ọn o. Mo kàn ń sọ pé wọ́n mọ̀ pé ọmọ kì í dé lófìfo.

Ẹ wá wo ìwà Òjíṣẹ́ Ọlọ́hun, kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a. Gbogbo wa la mọ̀ pé ó gbé Umamah, ọmọ ọmọ rẹ̀, lórí ìrun, tó ń gbé e kalẹ̀ bó bá ti fẹ́ forí kanlẹ̀, tó sì tún ń gbé e bó bá dìde. Gbogbo wa la mọ̀ pé ó máa ń dín ìrun kù bó bá gbọ́ ẹkún ọmọ, nítorí ìyá rẹ̀. Èyí tí a kì í sábà sọ ni ti Umm Khalid, ọmọdébìnrin kékeré tí bàbá rẹ̀ mú wá sọ́dọ̀ rẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀wù àwọ̀ ìyeyè lọ́rùn. Ànábì yin ẹ̀wù náà, ní èdè Àbísíníà, èdè ibi tí ọmọ náà ti ń bọ̀. Ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí í fọwọ́ ṣeré lára èdìdì tó wà ní ẹ̀yìn Ànábì. Bàbá jágbe mọ́ ọn. Ànábì ní kó fi í sílẹ̀, ó sì ṣàdúà ẹ̀mí gígùn fún un. Ti Abu Umayr náà wà níbẹ̀, ọmọ kékeré tí ẹyẹ rẹ̀ kú. Ànábì mọ̀ pé ọmọ náà ní ẹyẹ, ó sì bi í léèrè ọ̀rọ̀ ẹyẹ náà. Olórí ìlú ni o, adájọ́ ni, ó ń ṣáájú ọmọ ogun, àyè ọ̀rọ̀ ẹyẹ ọmọdé ṣì wà lọ́kàn rẹ̀. Ó sì wà nínú mọ́sálásí wa lónìí àwọn àgbà tó jẹ́ pé bí wọ́n bá rí ọmọ ọdún méjì ní sàfù ìkẹyìn, ojú tí wọ́n á fi wò ó, ẹ óò rò pé olè ló wọlé.

Orúkọ burúkú ni ohun kejì tó ń bí mi nínú. Ọmọ wa kì í gbà kí ẹnikẹ́ni bá òun wọ bàtà. Á fi ti ọ̀tún sí ẹsẹ̀ òsì, inú á bí i, á bọ́ ọ sọnù, á lọ mú un padà. Nínú ọ̀rọ̀ mọ́kànlá tó lè sọ báyìí, tí a kọ sára kàlẹ́ńdà, "rárá" ni ìkejì. Ọmọ tó sún mọ́ ọdún méjì tó ń sọ "rárá" ń kọ́ pé òun ní ìfẹ́ inú tirẹ̀ ni. Ẹ lè dí i lọ́wọ́ nínú ohun tó léwu, kí ẹ sì dúró lórí rẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ẹ máa pè é ní olóríkunkun lójú àlejò, ìyẹn kì í ṣe ẹ̀kọ́. Bó bá pé ọmọ ọdún mẹ́wàá, orúkọ yẹn ni yóò máa jẹ́.

Ní ti ọ̀rọ̀ sísọ, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbà kí ẹnikẹ́ni fi abẹ bọ abẹ́ ahọ́n ọmọ yín nítorí pé kò tíì sọ̀rọ̀. Okùn abẹ́ ahọ́n kì í dá ọmọ dúró kó má bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀. Yorùbá tí ẹ ń sọ nílé kò fà á pẹ́ pẹ̀lú, ohun yòówù kí olùkọ́ jẹ́lé-ó-sinmi wí. Ọmọ lè kọ́ èdè méjì pa pọ̀. Fóònù ni kí ẹ gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Lọ́dún 2019, WHO ní kí á má fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún méjì ní fóònù tàbí tẹlifíṣọ̀n wò, kó má sì ju wákàtí kan lọ lójúmọ́ fún ọmọ ọdún méjì sí mẹ́rin. Fóònù kì í dá ọmọ lóhùn bó bá béèrè nǹkan.

Fífi sùúrù wo ọmọ kì í ṣe fífọwọ́ lẹ́rán. Ọmọ tó ti pé ọdún kan tí kì í wẹ̀yìn bí wọ́n bá pe orúkọ rẹ̀, èyí tó pé oṣù 18 tí kò rìn tàbí tí kò ní ọ̀rọ̀ kan lẹ́nu, èyí tó pé ọdún méjì tí kò lè so ọ̀rọ̀ méjì pọ̀, àti pàápàá èyí tó ti ń sọ̀rọ̀ tẹ́lẹ̀ tó wá dákẹ́, ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn. Kí wọ́n kọ́kọ́ yẹ etí rẹ̀ wò. Bí ojú àti ara rẹ̀ bá pọ́n gan-an nígbà tí ẹ bí i, ẹ sọ fún dókítà, nítorí irú àìsàn yẹn lè ba ìgbọ́ràn jẹ́ bí a kò bá tètè tọ́jú rẹ̀. Oṣù méjì ló kù kí tiwa pé ọdún méjì, bí kò bá sì tíì so ọ̀rọ̀ méjì pọ̀ nígbà náà, a ó gbé e lọ. Èmi àti ìyá rẹ̀ ti fẹnu kò sí i.

Bí ẹ bá mọ̀ pé ẹ̀rù owó ń bà yín, ẹ lo ọjọ́ abẹ́rẹ́ àjẹsára. Ti oṣù 9 ni ọ̀pọ̀ ìyá kà sí ìkẹyìn, ṣùgbọ́n ti oṣù 15 tún wà. Ẹ gbé ọmọ lọ, kí ẹ sì bi nọ́ọ̀sì ní gbogbo ohun tí ẹ ti ṣàkíyèsí: ohun tó ń gbọ́, ohun tó ń tọ́ka sí, bó ṣe ń rìn. Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé kí ẹ tó jáde nílé, nítorí èrò máa ń pọ̀ níbẹ̀. Bàbá náà lè gbé ọmọ lọ.